Òkú Kan, Ilé Ìgbẹ̀bí Méjì

Terina kọ́ àwòrán ilé ìgbẹ̀bí ìlú méjì, Rimunui àti Paroto, sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn agbẹ̀bí inú rẹ̀ ń wá síbi iṣẹ́, wọ́n ń ṣàìsàn, wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́wàá wọn á ti parí kí tíì Terina tó tutù. Ibẹ̀ ni àjọ ìlera ti ń wò ó bóyá òṣìṣẹ́ á tó lọ́jọ́ iwájú. Ohun tó ń fi hàn báyìí dun Terina wọra: òṣìṣẹ́ kò ní tó, kí wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí Rimunui, tó kéré jù, pa. Rimunui sì ni ìlú ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Rimunui lẹ fà á," ni Alasdair, ọ̀gá rẹ̀, wí. "Ẹnì kan á kú, gbogbo yín á sì kọrí síbi ìsìnkú fún odidi ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọ̀gá, ṣé ká bẹ òkú kó dúró de ọjọ́ ìsinmi ni?"

Alasdair rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní lọ́jọ́ Ẹtì lòun máa buwọ́ lu ìwé tí wọ́n á fi ti ilé náà pa.

Terina pe Àǹtí Huhana, olórí agbẹ̀bí Rimunui, kí ìyẹn má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta.

"Ibo làwọn ọmọ wa á ti wá máa bímọ?"

"Paroto, Àǹtí."

"Paroto? Àwọn tí kò bá wa sunkún òkú rí? Ìwọ ọmọ yìí, ojú ò tì ẹ́."

Terina ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ìran ọ̀tọ̀ ni Paroto, òkú tiwọn ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, bí ẹnì kan bá ti kú, agbẹ̀bí ìlú méjèèjì ló ń kó lọ sunkún, torí lójú ọmọ Rimunui, òkú wọn, òkú gbogbo ayé ni. Ìgbéraga ló fi kọ́ ọ, kò sì mọ̀. Ó tún un ṣe: bí ìlú kan bá ń ṣọ̀fọ̀, kí èkejì wá bá a di ilé mú. Ọdún mẹ́wàá kọjá lójú rẹ̀, ilẹ̀kùn kankan kò tì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò sókè.

Alasdair yẹ èsì tuntun náà wò. "Kọ̀ǹpútà gbà. Ṣé Àǹtí yín á gbà?"

Àǹtí kùn, ó ṣépè díẹ̀, ó gbà. Ó ní kí ará Paroto wá ṣọ́lé sàn ju kí wọ́n ti ilé pa lọ. Alasdair kò buwọ́ lu ìwé náà mọ́.

Nígbà òtútù, ẹ̀gbọ́n Àǹtí kú. Gbogbo Rimunui pé yí pósí ká, agbẹ̀bí kan kò ṣẹ́kù sílé. Wọ́n ń sunkún lọ́wọ́ ni ìròyìn dé pé agbẹ̀bí Paroto tó wá bá wọn ṣọ́lé ti gbẹ̀bí ọmọ kan, tìyá tọmọ wà láyọ̀.

Àǹtí nu ojú. "Bó bá ṣe tán, ẹ ní kó máa bọ̀ níbí," ó wí. "Kó wá jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú."