Owó Ìjókòó Lórí Adágún Gbígbẹ

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, Verlin Stohr fà mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ omi. Ọjọ́ ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ àjọ̀dún òmìnira ni, gbogbo ìlú yí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú ká. Èmi ni mo wà níwájú. Kí n tó yọrí sókè, Verlin ti fọwọ́ kan ògiri tí eré parí sí, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Mo pariwo títí, wọ́n ní inú ló ń bí mi torí pé mo fìdí rẹmi. Ó ti tó ogójì ọdún. Mi ò gbàgbé, mi ò sì ní in lọ́kàn láti gbàgbé.

Verlin ló wá di alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó adágún náà àti pápá ìṣeré ìlú. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: òun, Lorna Pickett tó ń ta ilé, àti èmi. Kò sẹ́ni tó bá mi du ipò, torí kò sówó níbẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi la dìbò fún mi, mo sì wọlé wẹ́rẹ́.

Nípàdé kan, Lorna gbóhùn sókè. "Mo dábàá pé kí wọ́n máa san ọgọ́rùn-ún dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa nígbàkigbà tá a bá jókòó. Iṣẹ́ ìlú yìí ti fẹ́ pa wá."

Delphine Oakes, ìyá àgbà tó máa ń wá gbatẹ́gùn lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù wa, bú sẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ wo? Adágún ti gbẹ láti èṣí! Alángbá ló ń yáàrùn nísàlẹ̀ ẹ̀. Ṣé ẹ máa fún àwọn náà lówó ìjókòó?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì kàn yín," ni Verlin wí. Ó yíjú sí mi. "Ta ló kín àbá yìí lẹ́yìn?"

Òfin wa ò gbà kí alága kín àbá lẹ́yìn, Lorna ò sì lè kín tiẹ̀. Ó ku èmi. Bí mi ò bá kín in, ó kú nìyẹn. Ó sì ti pẹ́ tí Lorna ti ń dárúkọ owó náà, tí èmi náà sì ti ń sọ káàkiri ìlú pé olè ni.

Mo rọra mu kọfí mi.

"Orrin, ṣé o sùn ni?" ni Verlin bi mí.

"Rárá. Mò ń rántí nǹkan ni."

"Ọlọ́run mi! Ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn náà?"

"Èwo? Àbí ìwọ náà ń rántí nǹkan?"

Lorna figbe ta. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, mo ti ra fìríìjì láwìn torí owó yìí o!"

"Ká sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀," ni Verlin wí.

"Sún un dé ọjọ́ àjíǹde. Bí mo ṣe máa jókòó nìyí."

Verlin nu àágùn. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ sí mi létí. "Ó dáa, mo fà ọ́ lẹ́sẹ̀. Ṣó tán?"

"Mi ò gbọ́. Màmá náà ò gbọ́."

"Mi ò gbọ́ rárá," ni ìyá àgbà wí, ẹni tí etí ẹ̀ mú ju ti ajá lọ.

Lorna fi ẹsẹ̀ gbá àga alága lábẹ́ tábìlì. Verlin dìde, ojú ẹ̀ pọ́n bí ata.

"Mo fa Orrin lẹ́sẹ̀ lábẹ́ omi! Òun ló ń borí lọ. Mo fà á lẹ́sẹ̀, mo sì purọ́ fún gbogbo ìlú!"

"Mo kín àbá náà lẹ́yìn," ni mo wí.