Tsukuda Dúpẹ́ Kí Àpótí Tó Ṣí

Ṣàkàṣàkà, ṣàkàṣàkà. Bí òkúta wẹ́wẹ́ tí odò ń yí lábẹ́ omi ni ọmọ ayò màjọ́ńgì máa ń dún ní pálọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí àwọn àgbà ọkùnrin bá fi àtẹ́lẹwọ́ pò wọ́n pọ̀ lórí tábìlì kí wọ́n tó tún wọn tò. Èmi a wà ní yàrá kejì, tí mò ń yàwòrán afárá tàbí ògiri odò, ìró yẹn a sì máa tù mí lára. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé nílẹ̀ òkèèrè báyìí, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi, níbi tí yìnyín kì í ti í bọ́, àmọ́ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ. Ìró ọ̀rẹ́ ni mo pè é nígbà náà.

Yukimori ni ìlú wa, láàárín òkè. Nukaga Kenzo, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi Fusae, ló ni ilé-iṣẹ́ Nukaga tó ń kọ́ ọ̀nà àti afárá fún ìjọba ìlú. Èmi ni mo máa ń ṣírò iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ná wa. Bí iṣẹ́ bá jáde, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á kọ iye tí òun yóò gbà sínú àpòòwé, wọn á lẹ̀ ẹ́ pa, wọn á jù ú sínú àpótí onígi kan ní ọ́fíìsì ìlú. Ẹni tí iye rẹ̀ bá kéré jù ló ni iṣẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Mo lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wá bí a ṣe máa rí yanrìn nítòsí kí owó ọkọ̀ lè dín kù. Síbẹ̀, a sábà máa ń pàdánù. Ó máa ń dùn mí, mo máa ń rò pé èmi ni mi ò mọ ìṣirò tó. Bùrọ̀dá Kenzo á fọwọ́ gbá mi léjìká: "Motoo, má da ara ẹ láàmú. Tiwa ń bọ̀." Mo gbà pé ìtùnú ló ń fún mi.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìlú fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìdárayá tuntun fún ilé-ìwé, èyí tí gbogbo wa máa sá sí bí ilẹ̀ bá mì. Mo ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí ojú mi fi pọ́n. Iye tí mo mú jáde kéré débi pé mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Bùrọ̀dá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "O káre láé," ó sì gbé e lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí àpótí. Àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, làkúrègbé gbá a lẹ́sẹ̀ mú, kò lè wọ bàtà.

"Ìwọ ni wàá lọ," ó ní, ó sì na àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa sí mi. "Jù ú sínú àpótí, jókòó, tẹríba, máa bọ̀."

"Ṣé mi ò ní sọ nǹkan kan ni?"

"Bí wọ́n bá gbé tíì fún ẹ, mu ún."

A jókòó sí yàrá òkè ní ọ́fíìsì ìlú, agbaṣẹ́ṣe bíi mélòó kan. Hirukawa àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Bùrọ̀dá Kenzo, tó ń rùn fún òróró ìpara. Lọ́wọ́ iwájú ni Tsukuda Ryohei jókòó sí. Bàbá rẹ̀ ló kú nígbà ìwọ́wé, òun ló wá di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní ọ̀sán kan òru kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tòun náà nìyẹn. Kóòtù rẹ̀ tuntun débi pé òwú tí wọ́n fi so lébẹ́ẹ̀lì ṣì wà létí apá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ubukata, olórí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbàṣe, tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú, ní ká máa ju àpòòwé wa sínú àpótí. A jù ú. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde.

Kí kọ́kọ́rọ́ tó wọlé, Tsukuda dìde. Ó kọjú sí wa, ó tẹríba débi pé iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì.

"Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "ẹ ṣeun gan-an fún oore tẹ́ ẹ ṣe fún wa lórí iṣẹ́ yìí. Ká ní bàbá mi wà láyé ni, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá wá dúpẹ́. A ò ní dójú tì yín."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n ṣe lóore, tó wá jókòó lójú àwọn tó ṣe é láì dúpẹ́, ti ba orúkọ ilé bàbá rẹ̀ jẹ́. Ohun tó burú jù ni pé irú ìtẹríba bẹ́ẹ̀ ti mọ́ Hirukawa náà lára. Ẹ̀yìn àgbàlagbà náà tẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dá ìtẹríba náà padà, ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Rárá o, kò tó nǹkan, kò tó ọpẹ́." Lẹ́yìn náà ló tó rántí ibi tó wà. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀.

Ubukata di kọ́kọ́rọ́ mú lójú afẹ́fẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Tsukuda," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "àpótí ò tíì ṣí."

Mo wo ojú àwọn tó kù, ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Èmi nìkan ni mò ń wo èèyàn lójú. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé mi tán.

Ubukata ṣí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó dé orí Nukaga, ó pe iye kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde láti sọ pé ó ṣì í kà. Iye tó pè fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju tèmi lọ! Mo na ọrùn, mo rí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀: òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ wa ló wà lórí rẹ̀, pupa fòò, ìkọ̀wé Bùrọ̀dá Kenzo ló sì wà níbẹ̀. Bí ẹni pé wọ́n fa ilẹ̀ yọ lábẹ́ àga mi ni. Tsukuda ló kéré jù, gẹ́lẹ́ bó ṣe ti dúpẹ́ fún un tẹ́lẹ̀.

Ubukata nu imú, ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀. "Mi ò ní fọwọ́ sí èyí. Ohun tí mo fojú mi rí lónìí, màá fi tó Àjọ Ìdíje, àwọn tó ń mú agbaṣẹ́ṣe tó bá lẹ̀dí àpò pọ̀, létí ní Tokyo. Ẹ máa lọ sílé."

Lórí àtẹ̀gùn, Hirukawa gbá Tsukuda lápá mú. "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o ò lè ní sùúrù kó o wá dúpẹ́ nílé ọtí, bí bàbá ẹ ṣe máa ń ṣe?"

"Màmá mi ló ní kí n má jẹ́ kó pẹ́, sà."

"Màmá ẹ! Jẹ́ n gbọ́ràn!"

Mo wa ọkọ̀ dé ilé Bùrọ̀dá, mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, ó ń bó ọsàn.

"Ṣé Tsukuda ti gbà á?" ó bi mí.

Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Bùrọ̀dá, nọ́ńbà ta ni wọ́n kà?"

"Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ wa."

"Tèmi ńkọ́?"

"Tìẹ dáa gan-an ni, Motoo. Òun ni mo máa ń wò kí n lè mọ iye tí mi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́."

Títí dòní, kò sí ọ̀rọ̀ tó tíì dùn mí dọ́kàn bí ìyẹn. Ó rí ojú mi, ó gbé ọsàn sílẹ̀. "Kí lo rò pé à ń ṣe níbí lóṣooṣù? Ṣé ayò lásán ni? Iṣẹ́ là ń pín. Gbọ̀ngàn yìí jẹ́ ti Tsukuda, afárá tó ń bọ̀ jẹ́ tiwa. Bá a bá ń jà láàárín ara wa, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá á wọlé láti ìgboro, wọn á gbé gbogbo wa mì. Báyìí, kò sẹ́ni tí ebi ń pa."

"Ilé ìwòsàn òkè ńkọ́? Wọ́n tì í nítorí pé ìlú ò lówó mọ́. Ẹ sunkún lójú mi níbẹ̀."

"Mo sunkún dénúdénú. Kí ni ti ilé ìwòsàn nínú..." Ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò tíì gbé nǹkan méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí. Ọkùnrin tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀!

Mo wá sọ ti ìtẹríba Tsukuda fún un, àti ohun tí Ubukata sọ. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú rẹ̀. Òfin tuntun ti jáde nígbà náà, gbogbo agbaṣẹ́ṣe ló gbọ́ ọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ fi fáàsì, ẹ̀rọ tó ń gba okùn tẹlifóònù fi ìwé ránṣẹ́, jẹ́wọ́ fún Àjọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, kò ní san ìtanràn rárá. Ẹni kejì á san ìdajì. Bá a bá sì san án ní kíkún, ilé-iṣẹ́ Nukaga ti parí, ilé tí Fusae ẹ̀gbọ́n mi ń gbé á sì bá a lọ, torí ọwọ́ báńkì ni ìwé ilé náà wà.

"Bùrọ̀dá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ báyìí."

"Kí n ta Hirukawa? Ẹni tá a jọ gbé pósí bàbá mi?" Ó fa tẹlifóònù mọ́ra, ó pè é, ó jẹ́ kí ohùn jáde síta kí èmi náà lè gbọ́. "Jẹ́ kó o gbọ́ bí ọ̀rẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀."

Hirukawa gbé e kíá. "Kenzo! Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ń fà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá Hirukawa, mo ti gbọ́. Kí la fẹ́ ṣe?"

"Kí la tún fẹ́ ṣe? Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wa máa sọ! Ọmọdé ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa da ẹnì kejì. Àwa tá a ti jọ ń mu láti..."

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, nǹkan kan dún: tìn-tín-tìn-tín-tìn, lẹ́yìn náà ìhan gígùn kan, fíííìì, kẹrẹrẹrẹ.

Bùrọ̀dá Kenzo sún mọ́ tẹlifóònù. "Ọ̀gá, kí ló ń dún lẹ́yìn yín?"

"Èwo? Haa... kẹ́tùlù ni. Ìyàwó mi ló ń se omi tíì."

"Kẹ́tùlù yín mà gbọ́n o. Ó ń tẹ nọ́ńbà."

A ṣáà ń gbọ́ bí ẹ̀rọ fáàsì ṣe ń fa ìwé mì lọ́hùn-ún. Hirukawa wá sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀: "Kenzo, mo lọ́mọ nílé, mo lọ́mọọmọ." Ó sì pa á.

Mi ò rí ojú èèyàn tó ṣófo bẹ́ẹ̀ rí. Bùrọ̀dá ń wo tẹlifóònù náà bí ẹni pé òkú ẹran ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Láàárín ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ilé ìdáná. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ jáde, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀.

"Gbogbo ọdún yìí," ó ní, "mò ń din ẹja fún yín, mò ń bu ọtí fún yín, mo rò pé ẹ̀ ń ṣeré. Ìlú lẹ̀ ń pín jẹ lórí tábìlì mi. Kenzo, kọ ìwé náà, kó o tẹ òǹtẹ̀ sí i."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó kù, torí mi ò fẹ́ fi parí rẹ̀. Hirukawa ló ṣe ìkíní. Àwa la ṣe ìkejì. Ìdajì ìtanràn yẹn kó gbogbo ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ wa lọ, àmọ́ ilé ṣẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé inú rẹ̀ títí ó fi kú, àmọ́ àwọn èèyàn kan ní ọjà ò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe torí pé a ṣe é o, torí pé a sọ ọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n kó ẹrù mi. Ẹnu ṣì máa ń yà mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ kọ ọ́ fún Bùrọ̀dá: ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn nìkan, ní ìlà bíi mélòó kan, kó lè yá. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó fẹ́ fa ìwé náà ya. Ó ń kọ, kò gbórí sókè. Mò ń wo aago, mò ń sọ pé, "Bùrọ̀dá, àyè ń lọ, ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀." Ó ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́." Ó tẹ òǹtẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ìwé náà sínú ẹ̀rọ. Bó ṣe ń wọlé ni mò ń kà á, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan:

"Sí Àjọ Ìdíje, Tokyo. Láti ọwọ́ Nukaga Kenzo, Yukimori. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi la yan ẹni tó máa gba iṣẹ́ gbọ̀ngàn ilé-ìwé kí ẹnikẹ́ni tó ju àpòòwé sínú àpótí. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe lórí àwọn afárá, lórí ògiri odò, lórí gbogbo iṣẹ́ ìlú yìí látìgbà tí mo ti di ọ̀gá. Ilé mi la ti ń pín in. Àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣírò owó fún mi kò mọ̀. Òótọ́ ló ń ṣírò. Owó tá a gbà lé ni ìlú ì bá fi dá ilé ìwòsàn òkè sí. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń ránṣẹ́ sí yín bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́. Bó bá ti ṣáájú mi, ẹ ṣì gba tèmi. Ẹ máa bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá ṣílẹ̀kùn fún yín."