Òkúta Tí A Kò Dá Padà Sáyè Rẹ̀

"Ìgbín òkun kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé, ọ̀gá! Ẹ kò lè máa pe orúkọ rẹ̀ kó wá dáhùn pé òun wà níbí!"

Ẹ̀rín bú láàrin àwọn obìnrin tó jókòó sórí àpáta létí òkun ìlú Sádà. Mísínà ló sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó sanra dáadáa, ohùn rẹ̀ lè borí ìjì, ó sì ti ká ìrù gígùn tó máa ń wọ́ lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ wé ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn jà. Ọkùnrin tó ń bá wí ni Hílálì, ọ̀gá tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja pípa rán wá láti Másíkátì, olú-ìlú. Omi mu ọ̀gá náà dé àyà, irin onígun mẹ́rin kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé sókè bí ẹni tó yọ fèrèsé ilé onílé.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọ́n ti ń kà. Wọ́n á gbé irin yẹn sí ìsàlẹ̀ omi, wọ́n á ka ìgbín tó bá bọ́ sí àárín rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sún síwájú. Ọdún mẹ́ta ni ìjọba ti ti òkun pa, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìgbín òkun kan ṣoṣo níbẹ̀. Kí wọ́n tó tì í, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n máa ń ṣí i lọ́dún, gbogbo Sádà á sì ya wọ omi, tọkùnrin tobìnrin, bí ràkúnmí tó gbóòórùn kànga. Ìwé tí Hílálì bá kọ lónìí ló máa sọ bóyá wọ́n á ṣí i lọ́dún yìí tàbí wọ́n á tún tì í. Àwọn obìnrin náà ti so àpò àwọ̀n mọ́ ìbàdí láti àárọ̀, bí ẹni pé ìrètí nìkan lè ṣílẹ̀kùn òkun.

"Mélòó lẹ ti rí?" Tufúlù béèrè, ọ̀rẹ́ Mísínà láti kékeré, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí oje igi tùràrí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, tó ń jẹ ẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù.

Gasálà ló dáhùn. Ọmọ ọmọ Mísínà ni, iléeṣẹ́ ìjọba yẹn ló sì ń bá ṣiṣẹ́ láti ọdún méjì. "Méje, Màmá. Nínú ogún ibi tí a ti kà."

"Méje!" Tufúlù ké. "Ológbò ilé mi ń bí ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

Mísínà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Dókítà tó wo orúnkún rẹ̀ ní Sàlálà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ sí i, láti ìgbà náà kò sì gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ àárín òkúta lábẹ́ omi mọ́ láyé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Mísínà nígbà tó kọ́kọ́ bá ìyá rẹ̀ wọ òkun. Bí wọn kò bá ṣí i lọ́dún yìí, ó parí fún un nìyẹn. Ó ti sọ fún Tufúlù pé òun kò ní gbà kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ òun lójú láìjẹ́ kí òun dágbére.

"Irin yín fọ́jú, ọ̀gá," ó pariwo.

Hílálì nu omi kúrò lójú. Ó rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. "Ìyá àgbà, ohun tí a bá rí la máa kọ. Bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn wá."

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Tufúlù pàápàá dáwọ́ tùràrí jíjẹ dúró. Ní Sádà, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní òkúta tirẹ̀ lábẹ́ omi. Ìyá ló ń fi í han ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jọ wọ òkun, kò sì sí ẹni tó ń béèrè òkúta ọlọ́kùúta, bí a kì í ti í béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò ẹlòmíràn. Mísínà ní tirẹ̀. Ó yẹ kó ti fi í han ọmọ rẹ̀, ìyá Gasálà, ṣùgbọ́n ìyẹn fẹ́ ọkọ sórí òkè, ó ń da màlúù, ó sì ní òórùn òkun ń fún òun ní èébì. Òkúta náà kò lárólé.

Mísínà wo orúnkún rẹ̀. Ó wo omi tó ń fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló dìde, orúnkún náà sì dún kọ̀ọ́.

"Gasálà, mú awò ojú méjì tí a fi ń wo abẹ́ omi wá. Ọ̀gá, ẹ dúró síbẹ̀ o. Ọkùnrin kì í tẹ̀ lé obìnrin lọ wo ibi tó ń kó ohun ìní rẹ̀ pamọ́ sí."

"Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti fẹ́ wò ó gbẹ̀yìn!" Tufúlù jù ú lóhùn, àwọn obìnrin sì ń gbá ara wọn lẹ́yìn fún ẹ̀rín.

Àwọn méjèèjì yí ẹ̀yìn àpáta ńlá kọjá, wọ́n bọ́ sínú omi. Àsìkò kùrukùru òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, omi ṣì tutù bí ẹ̀kọ àná, ó sì ti mọ́ lóló. Mísínà gbá èjìká ọmọ náà mú. Ìrù aṣọ rẹ̀ tú, ó ń léfòó lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá lọ síbòmíràn.

"Bí ọ̀gá rẹ bá rí ohun tí mo fẹ́ fi hàn ọ́, yóò fi irin rẹ̀ yẹn sun ẹja jẹ."

"Màmá àgbà, ṣé ẹ lè rì sísàlẹ̀? Ọdún mẹ́ta mà ni."

"Ta lò ń bá wí? Kí wọ́n tó bí ìyá rẹ ni mo ti ń rì."

Ó fa èémí, ó da orí kọ omi. Orí wọlé. Èjìká wọlé. Ìdí kọ̀. Ó léfòó sókè gbẹdẹmukẹ bí ìṣù búrẹ́dì, ẹsẹ̀ méjèèjì ń na afẹ́fẹ́. Mísínà yọ orí padà, ó ń húkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìrẹsì ọdún mẹ́ta ló wà níbẹ̀ yẹn! Ìjọba ló fà á. Tẹ̀ mí nídìí, ọmọ yìí! Tì í wọlé, má bẹ̀rù, ìdí ìyá ìyá rẹ ni!"

Gasálà tì í, òun náà sì tẹ̀ lé e. Wọ́n rì lọ sísàlẹ̀.

Òkúta náà wà níbi tí ó máa ń wà, ó tóbi tó ìkòkò ìrẹsì ìgbéyàwó, koríko òkun sì hù lórí rẹ̀ bí irun. Mísínà fi ọwọ́ júwe fún ọmọ náà pé kó di etí kan mú. Wọ́n rọra gbé e sókè lápá kan, títí tí abẹ́ rẹ̀ fi hàn.

Gbogbo ayé Mísínà, tó bá gbé òkúta yìí báyìí, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpò ti là sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń wá èyí tó tóbi. Ìwọ̀n èémí kan kò gbà ju ìyẹn lọ. Lónìí, nítorí òfin, kò sí ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí àpò. Kò sí ohun tó lè fi ọwọ́ ṣe ju kó di òkúta mú lọ. Nítorí náà, ó wò ó.

Àwọn ńlá wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbòòrò bí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta bí ẹni tí kò ní ìdí láti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n láàrin wọn, lára wọn, lórí wọn, àwọn ọmọ wà. Àwọn kan tó èékánná. Àwọn kan kò ju hóró ẹ̀wà pupa lọ. Wọ́n pọ̀ débi pé òkúta náà dà bí ohun tó wọ aṣọ. Bí ìmọ́lẹ̀ ti kàn wọ́n, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń sá lọ síbi òkùnkùn, ìwo kéékèèké yí etí ìkarahun wọn ká, ó ń mì, bí ẹ̀mí ti ń mì. Abẹ́ òkúta náà ń ṣí lọ lójú rẹ̀ bí ọ̀run tó kún fún ìràwọ̀ tó ń wálé.

Ẹ̀rù ba Mísínà. Kì í ṣe ẹ̀rù ewu. Irú ẹ̀rù tó bà á ni lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àkọ́bí rẹ̀ lé e lápá, tó rí i pé èékánná ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà tẹ́lẹ̀, tí òun kò sì mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni ṣe é. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló ti ń gbé òkúta yìí. Kò rí i rí.

Àyà rẹ̀ ti ń jó fún àìmí, ṣùgbọ́n kò sáré gòkè. Òfin ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀: kí o tó mí, dá òkúta padà. Àwọn méjèèjì dojú rẹ̀ dé bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá afẹ́fẹ́ lọ.

Fún ìgbà díẹ̀, mímí nìkan ni wọ́n ń mí. Nígbà tí Gasálà bọ́ awò rẹ̀, omi tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ti òkun nìkan.

"Mo ka mọ́kànlélógójì kí n tó ṣì í kà," ó ní. "Mo kàwé lórí wọn fún ọdún mẹ́rin, Màmá àgbà. Irú èyí, inú ìwé nìkan ni mo ti rí i."

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Bí mo bá kọ èyí, wọ́n á ṣí òkun."

"Kí ni mo ṣe gbé ìdí wọ omi tútù bí kò ṣe ìyẹn?"

Wọ́n ń bọ̀ padà. Gasálà dojú bo omi, ó ń wo ìsàlẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Ó dúró.

"Ẹ wò ó, àwọn òkúta funfun wọ̀nyí. Gbogbo ibi tí a gbé irin sí ló kún fún wọn, kò sì sí nǹkan kan lára wọn. Ọ̀gá ní ìgbì ọdún yìí ló da wọ́n rú."

Mísínà dojú bo omi, òun náà wò ó. Òkúta wà lọ títí, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n ṣí ikùn sókè sí oòrùn, funfun bí egungun. Ìgbì lè yí ọ̀kan. Ìgbì lè yí mẹ́wàá. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an tí ìrísí rẹ̀ dà bí ràkúnmí tó kúnlẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kẹwàá ni, lọ́dún tí wọ́n ṣí òkun kẹ́yìn. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, olúkúlùkù ń sáré láti òkúta dé òkúta kí ìjọba tó tilẹ̀kùn. Ó gbé e, ó yọ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀, ó ń wo èyí tó kàn. Kò dá a padà. Ó ní ìgbì á bá òun dá a padà. Òkúta ìyá rẹ̀ nìkan ló dá padà lọ́dún náà, nítorí ìyẹn ni tirẹ̀. Àwọn tó kù, ta ló ni wọ́n?

Ó na ẹsẹ̀, ó fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ kàn án. Àwọn ìkarahun kéékèèké ṣì lẹ̀ mọ́ ikùn òkúta náà, tó èékánná, òfìfo.

Kò sí ẹni tó mọ̀. Bí ó bá pa ẹnu dé, Gasálà á kọ mọ́kànlélógójì, òkun á ṣí, òun á ní ọjọ́ mẹ́wàá òun. Kò ju kó dákẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdákẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Kì í ṣe ìgbì," ó ní.

"Kí wá ni?"

"Èmi. Èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi yìí, èmi ni. Ìyẹn lọ́hùn-ún, Tufúlù ni, ọwọ́ òsì ló fi máa ń yí tirẹ̀. Gbogbo wa ni. A mí kí a tó dá òkúta padà."

Gasálà di ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ mú lábẹ́ omi.

"Kọ òkúta kan tó kún," Mísínà ní. "Kọ gbogbo èyí tó ṣófo. Kọ ohun tó fà á, kí o sì kọ orúkọ mi sí i. Ṣùgbọ́n má kọ ibi tí òkúta yẹn wà. Ìyẹn kì í ṣe ti ìjọba. Tìẹ ni."

Nígbà tí wọ́n dé etí òkun, gbogbo ojú wà lára wọn. "Ìyá àgbà," Hílálì bi í, "kí lẹ rí?"

Mísínà fún omi kúrò nínú ìrù aṣọ rẹ̀.

"Ẹ tì í, ọ̀gá. Ẹ tì í pa."

Ariwo sọ. Tufúlù fò dìde. "Ṣé omi ti gba etí wọ̀ ọ́ lórí ni? Ìwọ Mísínà! Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Orúnkún ni, kì í ṣe ọba." Ó yíjú sí Hílálì. "Ìwé òfin yín ní a kò gbọdọ̀ mú ìgbín. Ṣé ó ní a kò gbọdọ̀ dojú òkúta dé?"

Hílálì wo Gasálà, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. "Kò sọ nǹkan kan nípa òkúta, Ìyá àgbà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó na ọwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Àwọn òkúta tí a kò dá padà lọ́jọ́ kẹwàá ṣì ṣíjú sókè níbẹ̀, Tufúlù, tèmi àti tìẹ. Omi kò tíì kún. Mú ìbọ̀wọ́ rẹ. Má mú àpò wá."

Tufúlù wò ó títí. Ó wo òkun lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí funfun àwọn òkúta ti ń hàn lábẹ́ omi bí ẹni pé wọ́n ti ń wò wọ́n láti ọjọ́ yìí wá. Ó tu tùràrí ẹnu rẹ̀ dànù. Ó tú okùn àpò kúrò ní ìbàdí, ó fi í sórí àpáta, ó gbé òkúta kékeré kan lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

"Wá," ó ní, ó ń ká aṣọ rẹ̀ sókè. "Fi tèmi hàn mí."