Ẹbọra Ń Jẹ Ẹlẹ́dẹ̀, Ooru Ń Jẹ Wá

3.

...ni Kunthea náà bá ṣubú, orí rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ máṣìnì. Chanthou ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e. Kóòtù òtútù là ń rán ní ilé iṣẹ́ yìí, èyí tó nípọn bíi tìmùtìmù, fún àwọn tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ní Kampong Speu níbí, nínú oṣù kẹrin tí ooru ń pa èèyàn! Ẹ wo ìwà ìkà.

4.

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ÒṢÌṢẸ́

Inú ń bí Neak Ta, ẹbọra arúgbó tó ni ilẹ̀ yìí, torí a kọ́lé láì tọrọ àyè. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń dákú. Lọ́la, a ó fi ẹlẹ́dẹ̀ sísun bẹ̀ ẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fèrèsé. Eruku á ba ọjà jẹ́.

5.

Wọ́n ní ooru kọ́. Irọ́ funfun báláú.

6.

*(Chanthou àti Veasna, alábòójútó àwọn aránṣọ.)*

CHANTHOU: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ ìṣó tí ẹ fi kan fèrèsé pa. Inú ilé yìí ń hó.

VEASNA: A ti ra ẹlẹ́dẹ̀.

CHANTHOU: Ẹlẹ́dẹ̀ ló máa fẹ́ atẹ́gùn sí wa? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

VEASNA: Ẹnu ẹ ti gùn jù. Àbúrò ẹ ò jẹun ló ṣe dákú.

CHANTHOU: Èmi ni mo bu ìrẹsì fún un láàárọ̀!

VEASNA: Padà sídìí máṣìnì ẹ.

7.

Wọ́n kọ́ ilé kékeré fún ẹbọra lábẹ́ igi, nínú ibòòji. Wọ́n tan fáànù sí ẹlẹ́dẹ̀ kí eṣinṣin má bàa bà lé e.

Mo ní fáànù!

8.

*Ìyá Chanthou àti Kunthea, lórí fóònù, láti abúlé:*

Ọmọ mi, oko ìrẹsì ti gbẹ, ilẹ̀ ti lanu. Ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ẹ bọ̀wọ̀ fún Neak Ta. Ẹ má fi í ṣeré láé.

9.

Kunthea tún ṣubú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tètè lajú. Ọ̀gá àgbà dé, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Inú bí Chanthou. Ọkùnrin yìí ò ní gbọ́ ti obìnrin aránṣọ láéláé.

Ti ta ló máa gbọ́?

10.

Chanthou gun orí tábìlì. Ó yí ojú sókè. Ohùn bàbá arúgbó ló jáde lẹ́nu rẹ̀:

Ẹ̀YIN OLÈ!
Ẹ GBÉ ẸLẸ́DẸ̀ YÍN KÚRÒ NÍWÁJÚ MI!
Ẹ ṢÍ FÈRÈSÉ!
ÀWỌN ỌMỌ MI Ń JÓNÁ!

Ọ̀gá àgbà kúnlẹ̀ gbì. Ọkùnrin tí kì í dáhùn tí a bá kí i láàárọ̀!

11.

KUNTHEA *(nílẹ̀, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa)*: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin ni, àbí òun?

*(Chanthou sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé orí àbúrò rẹ̀ lé itan.)*

12.

Veasna fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìṣó. Fèrèsé ṣí.

Atẹ́gùn wọlé lóòótọ́. Gbígbóná ni. Ó gbóná bí èyí tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀.

Gbogbo ojú padà sórí Chanthou. Wọ́n ń dúró kí Neak Ta tún gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.