Wáyà Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Tẹ́sítà tàn. Pupa tó fi ń sọ pé iná wà kọ yẹ̀rì nínú àpótí iná kẹrin, níbi tí gbogbo wọn ti gbà pé iná ò sí mọ́, tí Gíga, ọ̀dọ́ oníná, sì ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

"Dúró!"

Ohùn Tún-un-Wò le débi pé, ká ní wọ́n ń gbé òkú kọjá níta, òkú náà ì bá dúró. Gíga dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ sí irin náà.

Tún-un-Wò kọ́ lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníná ilé iṣẹ́ ọṣẹ ló fún un, torí pé nínú gbogbo ẹni tó ń fi iṣẹ́ iná jẹun láyé yìí, wọn ò tíì bí ẹni tó bẹ̀rù iná tó o. Òun ló ń ṣètò iṣẹ́ àtúnṣe: súìṣì wo ni wọ́n máa pa, ta ló máa pa á, ta ló máa fi àgádágodo tì í, àpò ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Tó bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù kan ṣoṣo, ìwé tó máa kọ á kún agbọ̀n. Wọ́n ní tó bá délé, ó máa ń fi tẹ́sítà kan ọbẹ̀ kó tó bu ú. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó jọ ọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣètò iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú yìí. Ẹ̀rọ tó ń po ọṣẹ ti dákẹ́. Wọ́n ti fa súìṣì kẹrin délẹ̀, àgádágodo méjì sì wà lára rẹ̀, ti Gíga àti tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kálukú wà lápò kálukú. Kò síbi tí iná fẹ́ gbà wọlé. Síbẹ̀, ó wọlé.

"Ọ̀gá," Gíga ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "ṣé iná yìí ò gbọ́ pé a ti lé e ni?"

Tún-un-Wò tẹ́tí. Ó ń gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ́fíìsì, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù, torí pé máníjà ò lè jókòó níbi tó bá móoru, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

"Lọ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn."

Gíga lọ pa á. Tẹ́sítà kú. Tún-un-Wò ní kó tún un tàn. Tẹ́sítà tàn. Ó ní kó pa á. Ó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é, ní ẹ̀kẹta, máníjà ti ń pariwo láti ojú fèrèsé pé ta ló ń fi òógùn wẹ òun.

Wọ́n tú ẹ̀yìn àpótí. Eruku ọṣẹ tó wà níbẹ̀ ì bá fọ aṣọ ìlú kan fún ọdún kan. Abẹ́ eruku náà ni wáyà dúdú kan gbà wá jẹ́jẹ́, ó ti ojú ògiri wọlé bí ọmọ onílé, ó so mọ́ ìdí àpótí kẹrin.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," Gíga ní. Ó ṣí àwòrán iná, ó fi ìka tọ̀ ọ́ lókè, ó tọ̀ ọ́ nísàlẹ̀. "Wáyà yìí ò sí níbí o." Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ẹ̀. "Ọ̀gá, àpótí kẹrin nìyí."

"Mo mọ̀."

"Èyí tí àbúrò ìyàwó yín..."

"Mo ní mo mọ̀!"

Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú àpótí yẹn, ilé ìwòsàn ni ọwọ́ náà sì kù sí. Gbogbo ilé iṣẹ́ ò ní ju tẹ́sítà kan lọ nígbà yẹn, inú dúrọ́ọ̀ máníjà ló ń sùn, bí ẹyin wúrà. Ọmọkùnrin náà ń sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Mo pa súìṣì. Mo fi àgádágodo tì í. Mo pa á." Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n kó jọ pé kí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀, Tún-un-Wò sì ni olórí wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ àwòrán wò, wọ́n rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà wọ àpótí kẹrin. Àwòrán kì í purọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: *Òṣìṣẹ́ yìí ò fa súìṣì délẹ̀. Àìbìkítà ló fà á.* Wọ́n lé ọmọkùnrin náà. Látọjọ́ náà, ìyàwó Tún-un-Wò ń gbọ́únjẹ fún un, ó ń kí i káàárọ̀, ó ń kí i káalẹ́, àmọ́ kò tíì bá a rẹ́rìn-ín.

Ó gba àwòrán lọ́wọ́ Gíga. Ta ni alápámáṣiṣẹ́ tó ya irú rádaràda yìí? Ó ti ṣe tán láti bú onítọ̀hún dé ìran kẹje. Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí ẹni tó ya á ti ń buwọ́ lù ú. *Mo tọ wáyà kọ̀ọ̀kan dé ìdí rẹ̀.* Ìbuwọ́lù Tún-un-Wò fúnra rẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó rí rìbìtì bí ìgbín. Oṣù méjì ṣáájú ìjàǹbá ni.

Gbogbo rẹ̀ padà wá. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń dín èèyàn bí àkàrà, fáànù sì wà lókè àga rẹ̀. Kò dé ìdí àpótí kankan. Ó tẹ́ àwòrán àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tuntun, ó dà á kọ, ó buwọ́ lù ú, ó sì jẹun. Lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán àtijọ́ ni wọ́n so wáyà jẹnẹrétọ̀ yẹn, kí òun tó ya tuntun. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn àpótí, ì bá rí i. Kò bẹ̀rẹ̀.

Máníjà ti dé, ó ń nu ojú.

"Ṣé ẹnikẹ́ni kú?"

"Rárá o."

"Ó tán nìyẹn. Ẹ gé wáyà náà, ẹ bo ibẹ̀, ká máa bá iṣẹ́ lọ."

"Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀," Tún-un-Wò ní.

Máníjà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ ra nǹkan lọ́jà. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló wà nísàlẹ̀ àwòrán yẹn? Ọdún méjì ló kù kí ẹ fẹ̀yìn tì. Tí ẹ bá kọ ọ́, géètì yẹn lẹ máa gbà jáde lónìí. Ọwọ́ tó ti lọ, ṣé ìwé ló máa mú un hù?"

Ìbéèrè gidi ni. Tún-un-Wò jókòó, ó kọ ọ́. Ó kọ ti wáyà, ó kọ ti jẹnẹrétọ̀, ó kọ pé ọmọkùnrin náà ò jẹ̀bi, ó kọ pé òun ò tọ wáyà kankan, pé orí àga lòun jókòó sí. Ó kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ó fún máníjà ní ọ̀kan, ó ṣí àgádágodo rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbogbo sílẹ̀, ó gba géètì jáde.

Ó kọrí sọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó ti rí i bó ṣe máa rí: ọmọkùnrin náà á pariwo, á bú u, ó lè gbá a létí pàápàá, lẹ́yìn náà á sunkún, àwọn méjèèjì á sunkún, omijé á kún títì. Òun á sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ilé á tún padà di ilé.

Abẹ́ àtíbàbà kékeré kan ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti ń tún bàtà ṣe. Ó fi orúnkún méjèèjì há bàtà, ó ń fi ọwọ́ òsì fa abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó na ẹ̀dà kejì ìwé náà sí i. Ọmọkùnrin náà nu gọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó kà á, kò yára, kò fi falẹ̀. Ó ká a.

"Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Ọjọ́ tí ẹ ń ya àwòrán yẹn, èmi kọ́ ni mo gbé omi tútù wá fún yín? Mo rí yín. Ẹ̀ ń wo tàtijọ́, ẹ̀ ń dà á kọ." Ó fa abẹ́rẹ́. "Mo rò pé ẹ máa padà lọ wò ó. Ẹ̀yin ni, mo gbọ́kàn lé yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ níwájú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Kí n sọ fún ta ni? Ẹ̀yin lẹ jókòó láàárín." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún yín nígbà yẹn. Mo ní kò burú, ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín. Lọ́dún àkọ́kọ́, bí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń dìde, mo rò pé ẹ̀yin ni. Lọ́dún kejì náà, mo ṣe bẹ́ẹ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà, mo kọ́ iṣẹ́ bàtà."

Tún-un-Wò sún mọ́ ọn. "Bú mi," ó ní. "Jọ̀ọ́, sọ nǹkan kan sí mi."

Obìnrin kan dé, bàtà rẹ̀ kan tó já wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ń kánjú o. Ọmọkùnrin náà gbà á, ó yẹ okùn rẹ̀ wò, ó ní kò ní pẹ́ rárá. Ó wá gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Mi ò rí ibi tí mò ń rán."

Ó sún. Oòrùn bọ́ sórí bàtà náà, sórí orúnkún méjèèjì, sórí ọwọ́ kan tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó fún ìgbà díẹ̀ kó tó rí i pé ìwé náà ti wà lọ́wọ́ òun padà, wọ́n ti ká a dáadáa, òun ò sì mọ ìgbà tí òun gbà á.