Ìyá Mi Nínú Kámpà

Ṣẹ̀san ọkọ mi ló ní kí ìyá mi lọ máa sùn nínú kámpà. Ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìdáná nínú ni. Ó rà á pé a ó máa fi rìnrìn àjò, àmọ́ kò tíì kúrò níwájú ilé wa ní Gorton, nílùú òyìnbó.

Ìyá mi wá kí wa láti Ṣàgámù. Yàrá àlejò tó yẹ kí wọ́n sùn sí, Ṣẹ̀san ti gbé e fún Pásítọ̀ Akíndélé tó wá wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Fáànù kan ṣoṣo tó wà nílé, yàrá pásítọ̀ ló wà. Oṣù Keje ọdún 2006 ni, ooru mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Mo wá fáànù dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù Hyde Road. Ó ti tán.

Ṣẹ̀san dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Màmá, ààfin kékeré la ṣe fún yín yìí. Ọmọ oòrùn ni wá. Kí ni ooru òyìnbó fẹ́ fi wá ṣe?”

“Ẹ ṣeun, ọkọ mi,” ni ìyá mi wí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Bí iná bá ń jó ìyá mi nílé àna wọn, wọ́n á ní ara àwọn tutù. Wọn kì í sọ níwájú Ṣẹ̀san pé ebi ń pa àwọn. Ṣẹ̀san náà mọ̀. Òun náà ní ìyá.

Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ìmọ́tótó tí mò ń ṣe ní ọsibítù ní Crumpsall, mo tún kámpà yẹn ṣe. Mo fi fóìlì tí a fi ń wé ẹran bo gíláàsì iwájú, kí oòrùn má bàa wọlé. Mo ṣí fèrèsé kékeré tó wà lórí òrùlé, torí òkè ni ooru ń gbà jáde. Mo ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí ilé, níbi tí ibòji wà. Mo rẹ ìró mi méjì sómi, mo fún omi wọn dànù, mo sì fi wọ́n kọ́ ojú fèrèsé.

“Màmá, tí wọ́n bá ti gbẹ, ẹ tún rẹ wọ́n sómi.”

“Máa lọ, Mosúnmọ́lá. O ti pẹ́.”

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, ìró mi wà lórí ògiri iwájú ilé, wọ́n ti gbẹ gan-an. Ilẹ̀kùn kámpà wà ní títì. Fèrèsé òrùlé wà ní títì. Fóìlì wà nínú bíìnì.

Mo fa ilẹ̀kùn ṣí. Ooru gbá mi lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò tó ń hó. Ìyá mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ètè wọn ti gbẹ. Wọn ò làágùn mọ́ rárá.

“Rọra sọ̀rọ̀,” ni wọ́n wí. “Àlejò wà nílé.”

“Ta ló ti ilẹ̀kùn?”

“Ọkọ wa ni. Má bá wọn jà.”

“Ẹ ò wá lè ṣí i?”

“Nǹkan ọkọ ọmọ mi, kí n máa tú u kiri?”

Mo gbé wọn dìde, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn, a sọ̀kalẹ̀. Ṣẹ̀san jáde, pásítọ̀ tẹ̀ lé e.

“Ìwọ lo ká aṣọ mi?”

“Aṣọ tútù lójú títì, lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn Ọlọ́run ń bọ̀ wá kí pásítọ̀! Ṣé ilé alágbàfọ̀ ni ibí ni? Mo ti ilẹ̀kùn torí olè. Màmá fúnra wọn ní kò sí wàhálà.”

“Kí lo fẹ́ kí wọ́n sọ? Wọlé! Wọ kóòtù rẹ, kí o lọ jókòó síbẹ̀!”

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè. “Arábìnrin, ìwà pẹ̀lẹ́ ni ọ̀ṣọ́ obìnrin. Ìdánwò yìí náà yóò kọjá, nítorí pé…”

“Ẹ lọ gbé fáànù sọ̀kalẹ̀, sà. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé, ẹ máa wàásù lọ.”

“Mosún!” ni Ṣẹ̀san pariwo. “Kúnlẹ̀ fún wọn!”

Mi ò kúnlẹ̀. Tí mo bá kúnlẹ̀, ìyá mi á ṣubú.

“Ẹ má bínú, ọkọ mi,” ni ìyá mi wí. “Ara mi le. Ọmọ yìí ló…” Orúnkún wọn yẹ̀.

Ṣẹ̀san gbá wọn mú lápá kejì. Bó ṣe fọwọ́ kan awọ ara wọn, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi.”

Ìyá mi wò mí. Wọ́n wo pásítọ̀. Wọ́n wá wo Ṣẹ̀san lójú.

“Ooru fẹ́ pa mí,” ni wọ́n wí. “Àtàárọ̀.”

A tẹ́ wọn sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo pe áńbúláǹsì. Obìnrin tó gbé fóònù ní ká da omi sí wọn lára, ká máa fẹ́ atẹ́gùn sí wọn títí áńbúláǹsì á fi dé. Pásítọ̀ sáré gòkè lọ gbé fáànù, àmọ́ wáyà rẹ̀ kò gùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ṣẹ̀san kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ìyá rere, ẹ̀yin tí…”

“Dákẹ́,” ni mo wí. Mo ju ìrọ̀rí àga sí i. “Máa fi fẹ́ atẹ́gùn sí wọn.”

Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn. Òógùn ń já bọ́ lágbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó gbé ìrọ̀rí sílẹ̀ díẹ̀.

Ìyá mi la ojú. “Ẹ ṣì máa fẹ́ atẹ́gùn sí mi, ọkọ mi,” ni wọ́n wí. “Mi ò tíì ní kí ẹ dúró.”