Ọjọ́ Tí Gbogbo Ilẹ̀kùn Ṣí ní Ìlú Igi

Inú kọ̀ǹpútà kan ni ìlú yìí wà, orí igi ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ dó sí, irú igi tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní Línọ́ọ̀sì. Gbòǹgbò ni ọba ibẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí, kò sí ẹ̀ka tí kò lè gé, nítorí náà kì í dédé sọ̀rọ̀. Ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ ló fi lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ibi tí iṣẹ́ bá wà nìkan ni kó ti máa fi lu ilẹ̀ kí ilẹ̀kùn ibẹ̀ lè ṣí tàbí kó tì, kó sì dá a padà sí àyè rẹ̀ bó bá ti ṣe tán.

Gbogbo yàrá tó wà lórí igi náà ló ní àgádágodo mẹ́ta: ọ̀kan fún onílé, ọ̀kan fún ẹbí onílé, ọ̀kan fún àlejò. Onílé ló ń pinnu èyí tó máa ṣí. Àgbìgbò, ẹyẹ olórí ńlá, ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Bí àwọn èèyàn bá kan ilẹ̀kùn láti orí ayélujára, òun ní í lọ gbé ojú ìwé tí wọ́n béèrè wá fún wọn. Ìgbín ni akọ̀wé. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń kọ sára èèpo igi, pẹ̀lú wákàtí rẹ̀. Ẹyẹlé ni wọ́n fi ṣọ́ àṣírí. Ìkànnì àwọn aláìsàn ni ìlú náà ń bójú tó, ọ̀dọ̀ Ẹyẹlé sì ni orúkọ wọn wà, àti àìsàn tí kálukú ń gbé kiri tí ará ilé rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Àgádágodo onílé nìkan ló ń ṣí ní yàrá tirẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àgbìgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn àlejò padà. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn, pé a kò gbà yín láàyè. Kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ojú ìwé tuntun tí wọ́n ń béèrè wà nínú yàrá kan tí òun alára kò lè wọ̀. Àwọn aláìsàn ń pọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan sì ti ń bínú lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ẹnubodè pa, tó tún un ṣí, bóyá nǹkan á yí padà. Kò yí padà.

Ẹ̀rù ń ba Ọ̀kẹ́rẹ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé orí ló burú. Òun ló gbé àwọn ojú ìwé náà wọlé lánàá. Ọ̀lẹ kò jẹ́ kó gbé ọ̀pá ọba sílẹ̀ kó tó gbé wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohunkóhun tí ọwọ́ tó di ọ̀pá bá gbé, orúkọ ọba ló ń jẹ́, ọba nìkan ló sì lè kà á. Ó mọ̀ pé Ìgbín ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pe ìgbìmọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ kà á.

“Ẹ̀yin ìjòyè,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, “àlejò kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tó tì. Mo ti béèrè ní gbàgede tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń gba ara wọn nímọ̀ràn. Ẹnì kan níbẹ̀ ní ká ṣí gbogbo àgádágodo sílẹ̀, pé bí òun ṣe ṣe tòun nìyẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé ká ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, ká sì tì wọ́n padà lọ́la.”

Àgbìgbò gbè é lẹ́sẹ̀, torí èébú àwọn àlejò ti sú u. Ìgbín rọra dìde.

“Ẹ jẹ́ ká ka ohun tí mo kọ ká tó gbé ọ̀pá,” ló wí. “Yàrá kan ṣoṣo ló tì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.”

“Bàbá,” ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dá a lóhùn, “kẹ́ ẹ tó ka ìwé yín délẹ̀, àlejò wo ló máa kù?”

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbín wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì fa orí wọnú ìkarahun. Ó lè dárúkọ ẹni tó ṣe é, kò sì dárúkọ rẹ̀. N kò tíì dárí jì í.

Ẹyẹlé ló kù. Ó bọ́ síwájú ìgbìmọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ yàrá tèmi sílẹ̀. Obìnrin kan wà nínú ìwé mi tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń pè ní àgàn. Èmi nìkan ló sọ fún pé ọkọ ló ní àìsàn, pé òun ń bò ó láṣìírí ni. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú. Ẹ má sọ mí di ọ̀dàlẹ̀.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kan péré ni. Iwájú yàrá tó tì yẹn ló yẹ kó dúró sí, ṣùgbọ́n ìkánjú gbé e dé ìdí igi, níbi tí gbogbo ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Gbogbo àgádágodo igi náà já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, títí dé orí ewé tó kéré jù.

Ojú ìwé jáde. Inú àwọn àlejò dùn, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì dá ọ̀pá padà sí àyè rẹ̀, ó ń jó lórí ẹ̀ka. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Ti ọjọ́ yìí lanu. Alángbá kan tó máa ń ti ilẹ̀kùn gbogbo igi wò lójoojúmọ́, bóyá ọ̀kan á ṣí, ti èyí, ó sì ṣí. Kò fọ́ ohunkóhun. Ó kàn da ìwé Ẹyẹlé kọ láti òkè délẹ̀, ní ojú Ẹyẹlé, ó sì jáde lọ tú u ká. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyá ọkọ obìnrin náà ti gbọ́, gbogbo àdúgbò náà sì ti gbọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré lọ gbé ọ̀pá, ó fi lu ilẹ̀ kí àwọn ilẹ̀kùn lè tì. Kò sí èyí tó mira. Ó tún un lù. Ọ̀pá wá fọhùn.

“Yàrá tí wọ́n ń tọ́jú mi sí ṣí sílẹ̀,” ló wí. “Ẹnikẹ́ni lè ti fọwọ́ kàn mí, ẹnikẹ́ni lè ti yí mi padà. Ọ̀pá tí gbogbo ayé lè gbé kì í ṣe ti ọba mọ́. N kò ní jẹ́ fún ọ.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tó ti máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wọlé lọ bá ọba. Olùṣọ́ ibẹ̀ wo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ní ìta gbangba ni kọ́kọ́rọ́ yìí wà láti àárọ̀, òun kò gbà á. Gbòǹgbò ṣì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbà gòkè mọ́.

Nígbà tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà dé, ara èèpo igi ló kọ́kọ́ kà. Ìlà méjì ló tú àṣírí náà: lánàá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ọ̀pá ọba gbé ojú ìwé mẹ́fà wọlé; lónìí, Àgbìgbò kò lè ka ojú ìwé mẹ́fà. Kíkà rẹ̀ kò gbà ju kéèyàn fa omi mu lọ. Nítorí pé kò lè mọ ohun tí wọ́n ti fọwọ́ kàn, ó hú igi náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì gbin òmíràn.

Àgádágodo pé lórí igi tuntun, ẹlòmíràn ló sì ń gbé ọ̀pá. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń ka ohun tí Àgbìgbò bá gbé jáde. Ẹyẹlé jókòó ti ìwé tuntun. Bó bá bi wọ́n léèrè orúkọ, wọ́n á ní ṣe ni àwọn kàn ń kọjá lọ.